Ìwé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́, òwò ńkọ́? Ohun tí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì lè ṣe fún ọ̀dọ́ Akpro-Missérété

Lọ́dọọdún, bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti Akpro-Missérété, Dangbo, Adjarra àti Avrankou a máa di ẹrù wọn, wọ́n á gba Àjàṣẹ́ kọjá, wọ́n á sì forí lé Yunifásítì Abomey-Calavi. Àwọn kan ń lọ fún ìmọ̀ òfin, àwọn kan fún ìmọ̀ èdè. Àwọn mìíràn ń wọ ẹ̀ka ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso òwò, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí FASEG.

Ọdún mẹ́ta ni ètò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní licence. Kí ọmọ tó rí i gbà, bàbá ti ta àgbàdo, ìyá ti kó àjọ, ẹ̀gbọ́n sì ti fi owó ránṣẹ́ láti Èkó. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó ń tẹ̀lé e fi ń ká àwọn òbí lára: ọmọ tó ti kàwé nípa ọrọ̀ ajé yìí, ṣé ó lè dá nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀, àbí iṣẹ́ ìjọba tí kò kárí ni yóò máa retí? Bó bá sì dá òwò sílẹ̀, ṣé òwò tó lè dúró pẹ́ ni, àbí èyí tí yóò mú owó wá lónìí tí yóò sì ba ilẹ̀, omi tàbí orúkọ jẹ́ lọ́la?

A wá ìdáhùn lọ sínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Benin níbí, ní Togo tó múlé gbè wá, ní Uganda àti ní òkè òkun. Ohun tí a rí ni pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lè yí ọkàn ọmọ padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń ṣe iṣẹ́ náà ju ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó lọ.

Ìlú tí òwò ń bọ́

Akpro-Missérété wà ní ẹkùn Ouémé, ní àríwá Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìlú náà fúnra rẹ̀ àti Gomè-Sota, Katagon, Vakon pẹ̀lú Zoungbomè ló parapọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Benin lọ́dún 2013, ènìyàn 127,249 ni wọ́n rí kà níbẹ̀. Ègùn ló pọ̀ jù, Yorùbá sì ń bá wọn gbé, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń bára wọn ná ọjà.

Oko àti òwò ni ìlú náà fi ń jẹun: epo pupa, ẹ̀gẹ́ àti gàrí, àgbàdo, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémídjan, àti ọjà tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ ti rí òwò kó tó mọ ìwé kà. Ó ti bá ìyá rẹ̀ ru igbá. Ó ti mọ oníbàárà tó ń sanwó àti èyí tó ń jẹ gbèsè sá lọ.

Ohun tó wá ṣe wá ní kàyéfì nìyí: ọmọ tó ti mọ gbogbo èyí, tó wá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, kí ló dé tó fi máa ń jọ pé ojú ń tì í láti padà sí ìdí òwò?

Èrò ọkàn àti ohun mẹ́ta tó ń gbé e ró

Lọ́dún 1991, Icek Ajzen, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé kan jáde tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa òwò dídá sílẹ̀ ṣì ń lò títí di òní. Ó ní kí ènìyàn tó pinnu láti ṣe nǹkan, ohun mẹ́ta ló ń gbé ìpinnu náà ró. Àkọ́kọ́ ni bí nǹkan náà ṣe rí lójú ẹni náà: ṣé ó dára, àbí kò dára? Èkejì ni ohun tí àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ayé rẹ̀ ń rò nípa rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá ó gbà pé òun lè ṣe é.

Ẹ fi ìwọ̀n yìí wọn ọ̀dọ́ kan láti Vakon tàbí Katagon. Olùkọ́ rẹ̀ lè ti jẹ́ kó rí i pé òwò dára, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ ti wà. Ṣùgbọ́n bó bá délé tó ní òun fẹ́ máa fọ́ èkùrọ́, kí òun máa ta àdí àti ọṣẹ, kí ni ẹbí máa sọ? "Ṣé torí èyí la ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì?" Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn tó láti ba ohun kejì jẹ́. Ní ti ẹ̀kẹta, bí ọmọ kò bá tíì ta ohunkóhun rí láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, tó jẹ́ pé ìwé ìdánwò nìkan ló ti ń kọ, níbo ni yóò ti rí ìgboyà pé òun lè ṣe é?

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru olùkọ́, nítorí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ jọ ń kọ́ ọmọ yìí ni.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ dín ìfẹ́ òwò kù

Àwọn kan rò pé bí ìjọba bá ti fi ẹ̀kọ́ nípa òwò kún ohun tí ọmọ yunifásítì ń kọ́, kíá ni àwọn ọ̀dọ́ yóò máa dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti nǹkan bí ọdún 2007 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń lò báyìí, iṣẹ́ méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ENT 211 àti ENT 312. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ńlá kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin náà lẹ lè sọ bóyá ìwé tẹ́ ẹ há sórí ló mú yín wọ ọjà.

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hessel Oosterbeek, Mirjam van Praag àti Auke Ijsselstein, ṣe ìwádìí lórí ètò ẹ̀kọ́ kan níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Lọ́dún 2010 tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde, ẹnu ya ọ̀pọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi ohunkóhun kún ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì dín èrò wọn láti di olówò kù.

Ṣé ìpàdánù nìyẹn? Kò dá wa lójú pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí i pé òwò le ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọmọ tó mọ̀ lọ́mọ ogún ọdún pé òwò kì í ṣe ọ̀nà òun sàn ju ẹni tó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ yá owó kó tó mọ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tó bá sọ òótọ́ fún ọmọ ti ṣe é lóore, bí kò tiẹ̀ sọ ọ́ di olówò.

Ohun tí wọ́n rí ní Lomé

Ìwádìí tó sún mọ́ wa jù lọ wáyé ní Lomé, olú-ìlú Togo. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́ kó àwọn olówò kéékèèké 1,500 jọ. Wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín wọn sọ́nà mẹ́ta, 500-500. Ìpín àkọ́kọ́ kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Ìpín kejì kọ́ ẹ̀kọ́ òwò bí a ṣe mọ̀ ọ́n: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, bí wọ́n ṣe ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ìpín kẹta kọ́ ohun tó yàtọ̀: bí ènìyàn ṣe ń lo àtinúdá, bó ṣe ń wo ọjọ́ iwájú, bó ṣe ń gbé èrò tuntun wá tí àwọn tó yí i ká kò tíì ṣe, àti bí kò ṣe ní jáwọ́ bí ìdíwọ́ bá dé.

Wọ́n ń padà lọ wo gbogbo wọn fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science lọ́dún 2017, èrè àwọn ìpín kẹta ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò kọ́ ohunkóhun lọ. Ti ìpín kejì fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ga, ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè fi dá wọn lójú pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ náà tún pọ̀ sí i: ìdá 40 fún àwọn tó kọ́ àtinúdá, ìdá 5 péré fún àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ òwò lásán.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ yunifásítì, ọlọ́jà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti wáyé láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Uganda pẹ̀lú. Michael Gielnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ètò ọlọ́sẹ̀ méjìlá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá òwò gidi sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́: wọ́n ń wá owó, wọ́n ń ra ọjà, wọ́n ń tà á. Lọ́dún 2015 ni wọ́n gbé e jáde pé àwọn tó gba ètò náà dá òwò sílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò gbà á lọ.

Bí a bá kó Netherlands, Togo àti Uganda pọ̀, a ó rí i pé ọ̀nà ìkọ́ni ló ń yí àbájáde padà. Ilé-iṣẹ́ kékeré lásán kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń rí àǹfààní tí ẹlòmíràn kò rí, kó sì dán an wò kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ti di àáké mú rí.

Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀tara-ẹni

Ní ti òwò tó lè dúró pẹ́, ìbéèrè mìíràn wà: ṣé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé máa ń jẹ́ kí ọmọ ro ti ẹlòmíràn?

Lọ́dún 1993, Robert Frank, Thomas Gilovich àti Dennis Regan láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré kan tí ẹni méjì fi lè jọ jèrè bí wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tí ẹnì kan sì lè rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ló yàn láti rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Láàárín àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ mìíràn, nǹkan bí 39 ni. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá ẹ̀kọ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bí wọ́n ṣe rí nìyẹn kí wọ́n tó wọlé.

Bó ti wù kó jẹ́, ó yẹ kí olùkọ́ rò ó. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà pé èrè ara ẹni nìkan ni ènìyàn ń lé, ó lè gbàgbé pé àjọ tí ìyá rẹ̀ kó tó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ dúró lórí ìfọkàntán. Bí ẹnì kan bá kó owó tirẹ̀ tán tó sì sá lọ, àjọ ti dàrú nìyẹn. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ láìkàwé yìí, ó yẹ kó wà lára ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Benin.

Ẹ̀kọ́ tí epo kpayo kọ́ wa

Kò sí ọmọ Ouémé tí kò mọ kpayo, epo bẹ́ńtíróòlù tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà wá tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé ló fi bọ́ ọmọ, a kò sì ní bú ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ọrọ̀ ajé wò ó.

Owó ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń san lórí epo ló jẹ́ kí kpayo pọ́ńbélé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀, kò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti lọ, owó epo sì fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Podji, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n.

Nǹkan méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé gbọ́dọ̀ rí nínú ìtàn yìí. Òwò tó dúró lórí ìpinnu ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lè wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni èrè lè wọ àpò ẹnì kan nígbà tí ewu rẹ̀ ń já lé aládùúgbò. Bí ọmọ bá fi kpayo tó ń rí lójoojúmọ́ kọ́ èyí, kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àwòkọ́ṣe tó wà nítòsí

Kò pọn dandan kí a lọ sí Yúróòpù ká tó rí òwò tí kò ba ilẹ̀ jẹ́. Ní Ouando, ní Àjàṣẹ́, nítòsí Akpro-Missérété, ni Songhai wà. Lọ́dún 1985 ni Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé ohunkóhun kì í ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ń di ajílẹ̀. Wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin, ìdin ń di oúnjẹ ẹja. Omi adágún ẹja ni wọ́n ń bu sí oko ẹ̀fọ́. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń gbìn, ó ń sìn, ó ń tà, ó sì ń ṣírò.

Songhai kì í ṣe yunifásítì, kò sì rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé lè gbé ọgbọ́n náà wọ ilé. Ká mú gàrí. Ká ní kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó ẹ̀gẹ́, owó igi ìdáná, owó ọkọ̀, iye wákàtí tí ìyá àti àwọn ọmọ fi ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dà nù tí ì bá di oúnjẹ ewúrẹ́. Ó lè rí i pé èrè tí ìyá rò pé òun ń jẹ kò tó bẹ́ẹ̀, àti pé owó ń bẹ nínú ohun tí wọ́n ń dà nù. Lọ́jọ́ náà ni ìwé àti ìdí ààrò yóò pàdé.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ nìkan kì í mú èrè wá

Ìjọba Benin ti mú kó rọrùn láti fi orúkọ òwò sílẹ̀. Òfin OHADA tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2010 dá ipò kan sílẹ̀ fún olówò kékeré tí wọ́n ń pè ní entreprenant, Benin sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2014. Ní báyìí, ènìyàn lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó dára ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn olówò kéékèèké bí 3,600 ní Cotonou láti mọ ohun tí ìforúkọsílẹ̀ yìí ṣe fún wọn, àbájáde tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún ọjà tí wọ́n ń tà tàbí èrè wọn. Ìwé ìjọba dà bí ìwé ẹ̀rí yunifásítì: ó lè ṣílẹ̀kùn, kì í bá ni tajà.

Ohun tí a lè bi ara wa

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó ọdún tó ń bọ̀, ẹ bi ọmọ yín pé kí ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́dún yìí yàtọ̀ sí ìdánwò. Bó bá dé lásìkò ìsinmi pé òun fẹ́ dán òwò kékeré kan wò, ẹ má fi ẹ̀gàn lé e padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de licence kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó tí ẹ lè pàdánù láìsunkún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wọlé àtohun tó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ni yóò fara gbá bí òwò náà bá gbòòrò.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ìdánwò bá jẹ́ ìwé nìkan, ìwé nìkan náà ni ọmọ yóò mọ̀.

Léonard Wantchekon, ọmọ Benin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Princeton, tó sì dá African School of Economics sílẹ̀ ní Abomey-Calavi lọ́dún 2014, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ wọ àwọn abúlé kan ní Benin láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Lọ́dún 2015 ni wọ́n gbé e jáde pé ayé àwọn tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ náà dára sí i, àǹfààní rẹ̀ sì kan àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, àti ọmọ àwọn ará abúlé tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí.

Nítorí náà, ọmọ kan tó ti Zoungbomè lọ kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kò dá lọ. Bó bá padà wá tó dá òwò tó dúró sílẹ̀, ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ yóò rí jẹ, àbúrò rẹ̀ yóò rí ohun tí yóò wò kọ́ṣe. Bó bá sì jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú àpótí, gbogbo àdúgbò ló ń wò ó, òun sì ni wọn yóò fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n bá ń rò ó bóyá kí wọ́n rán ọmọ tó kàn lọ.